Àwọ̀n tí Mo Fi Dí Ọ̀fun Omi

Firmin ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé èèyàn kì í dí ọ̀fun omi. Òun ló ń tọ́jú ìsédò amọ̀ tí baba ọkọ mi fi sílẹ̀ fún wa ní Brenne, nílẹ̀ Faransé, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló sì ń gbé ilé kékeré ẹ̀bá rẹ̀. Dókítà ní n kò ní rí ìgbà ìkó-ẹja tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó lọ.

Oṣù kọkànlá la máa ń tú omi adágún tí ìsédò náà sé mọ́ sílẹ̀ láti kó ẹja kápù tí à ń sìn níbẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò pọ̀. Omi ń ṣàn gba ọ̀fun, ibi tí àpọ̀jù omi ń gbà jáde, ẹja sì ń bá a lọ sínú omi Odile, aládùúgbò wa nísàlẹ̀. Odile a dúró lórí ààlà, a bú sẹ́rìn-ín: "Yvonne, o ṣeun o! Ìwọ ń bọ́ wọn, èmi ń dín wọn!" Ṣé ẹja ló dùn mí ni, àbí ẹ̀rín yẹn? N kò mọ̀.

Mo yọ àwọ̀n irin lára ilé adìẹ, mo kàn án mọ́ ọ̀fun náà. Firmin tú u. "Màdáámù, ewé igi óákù etí omi ti ń já. Ewé á dí àwọ̀n yìí, omi á gun orí amọ̀. Tó bá ti gùn ún, ó parí nìyẹn." Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́sàn-án Sátidé tó lọ wo ìyàwó rẹ̀ ní ọsibítù, mo kàn án padà. Kí ló ń ṣe mí gan-an?

Òjò rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ìsédò là sí méjì, omi gbé àgùntàn mẹ́rìnlá lọ lọ́wọ́ Odile. Mo bá àwọ̀n náà lára gbòǹgbò igi. Mo sáré dá a padà sára ilé adìẹ.

Lucien, ọkọ mi, ń pariwo: "Eku omi ló gbẹ́ ẹ! Firmin, ṣebí ìwọ la ní kó o máa pa wọ́n? Àbí oorun lo wá sùn níbí?" Firmin kò wò ó. Èmi ló ń wò. "Màdáámù, ẹ bá mi dá sí i."

Mo ní, "Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti ń rí ihò eku."

Òótọ́ ni, ihò wà. Ohun tó ń da orí mi rú títí dòní nìyẹn. Bóyá eku ni, bóyá èmi ni, bóyá àwa méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n eku kọ́ ló fi àwọ̀n pamọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Firmin, bàbá yín kò jẹ̀bi. Bí ẹ bá ti ń dá a lẹ́bi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, bí ẹ kò bá tilẹ̀ lè dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òótọ́ tí ẹ bá fi bo irọ́ mọ́lẹ̀, irọ́ lòun náà.

Lucien lé Firmin lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń kó lọ, ó gba iwájú ilé adìẹ kọjá. Ó dúró. Ó fa ewé óákù kan yọ láàárín àwọ̀n, níbi tí kò sí igi óákù kankan nítòsí. Ó fi í sí mi lọ́wọ́. "Ó dàbọ̀, Màdáámù." Ó wọnú ọkọ̀ lọ bá ìyàwó rẹ̀ tó ti ti ọsibítù dé. Mo sọ fún ara mi pé tó bá wẹ̀yìn pẹ́rẹ́, màá jẹ́wọ́. Mo dúró títí ọkọ̀ fi yà lẹ́yìn igbó. Kò wẹ̀yìn.