Fèrè Tí Mo Fọn Padà Fún Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú yín.

Ọdún kọkànlá rèé tí ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun. N kò lè gbé e mì, n kò sì lè pọ̀ ọ́. Ìyàwó mi kò mọ̀ nípa rẹ̀. Pásítọ̀ wa kò mọ̀ nípa rẹ̀. Mo máa ń kúnlẹ̀ láti sọ ọ́ fún Ọlọ́run, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ tí mo bá dé orí rẹ̀ nínú àdúrà, mo máa ń fò ó.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi ní ilé ìwé. Ó ní kí n fi orúkọ ọmọ náà sínú ẹgbẹ́ síkáòtù tí a fẹ́ tún dá sílẹ̀. Fèrè kan wà lọ́rùn ọmọ náà. Mo mọ fèrè yẹn. Èmi ni mo fi í fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú.

Tíṣà ni mí, ní abúlé kan lẹ́yìn Igbogila. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi débẹ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ nílé ìwé nínú ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ tó kù, wọ́n á máa bá ìyá wọn bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á máa sá lààfún. Bí àlejò bá béèrè orúkọ wọn, ilẹ̀ ni wọ́n á máa wò. Èmi ti ṣe síkáòtù ní kékeré mi ní Ìláròó, mo sì mọ ohun tó ṣe fún mi. Mo wá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún wọn.

N kò ní parọ́ mọ́ ẹgbẹ́ náà. Ó ṣe wọ́n lóore. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn, bí wọ́n ṣe ń di ojú egbò, bí wọ́n ṣe ń dáná nígbà òjò, bí wọ́n ṣe ń dìde níwájú àgbà kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ ketekete. Ọ̀kan nínú wọn ti di nọ́ọ̀sì báyìí. Òmíràn ń kọ́lé káàkiri Ayétòrò. Tí wọ́n bá rí mi lójú títì, wọ́n á na ìka mẹ́ta sókè kí mi bí síkáòtù, wọ́n á sọ fún àwọn tó bá wà nítòsí pé èmi ni mo sọ àwọn di èèyàn. Ojú máa ń tì mí débi pé mo máa ń gba ẹ̀yìn ọjà kọjá.

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, n ó pè é ní Rófíátù. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Kí ó tó wọ ẹgbẹ́, eléré ọmọ ni, ẹni tí wọ́n á rán níṣẹ́ ní òwúrọ̀ tó máa dé ní ìrọ̀lẹ́. Tí ìyá rẹ̀ bá ní kó dúró ti lààfún kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́, ewúrẹ́ á jẹ lààfún yó, Rófíátù á wà lẹ́yìn labalábá.

Ọdún kan péré nínú ẹgbẹ́, ó yí padà. Ó ń dúró ti lààfún títí oòrùn á fi wọ̀. Ìyá rẹ̀ bu lààfún kún igbá, ó gbé e wá sílé mi, ó ní òun wá dúpẹ́ pé mo bá òun sọ ọmọ di ọlọ́gbọ́n. Mo gbà á, inú mi dùn. Mo fẹ́ràn ìyìn nígbà yẹn.

Òfin kan wà tí mo kọ́ gbogbo wọn, tí mo máa ń mú wọn kà lákàtúnkà. Tí o bá sọnù nínú igbó, má rìn. Dúró sójú kan. Fọn fèrè rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ọ̀gá bá fọn tirẹ̀ padà, a jẹ́ pé ó ti gbọ́ ọ, ó ń bọ̀. Má kúrò níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan níbẹ̀rẹ̀ òjò, mo kó ọmọ méjìlá rin ìrìn ẹsẹ̀ gba inú oko gẹdú kọjá. A sọdá odò kékeré kan. Nígbà tí a dé oríta kan lókè odò, mo ní kí Rófíátù dúró síbẹ̀ kó máa júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo sọ fún un pé kó má kúrò níbẹ̀ títí n ó fi padà wá mú un. Ó kí mi bí síkáòtù, ó dúró ṣinṣin.

Kò pẹ́ rárá tí ojú ọ̀run fi ṣú. A ti jáde sí ojú títì ní òdìkejì, a sì bá ọkọ̀ kan tó wá kó ẹ̀gẹ́. Awakọ̀ ní kí a tètè wọlé kí ọ̀nà tó di ẹrọ̀fọ̀. Àwọn ọmọ gun ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n fa tapólì borí. Mo ka orí wọn. Méjìlá ni. Mo bọ́ síwájú lọ́dọ̀ awakọ̀, a lọ.

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èmi tí mo kàwé, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan láti oko ìtòsí ló ti bá wọn gun ọkọ̀ nítorí òjò, òun ló pé méjìlá. Ká ní mo pe orúkọ wọn ni, n bá ti mọ̀. Àwọn ọmọ yòókù sì rò pé iwájú ni Rófíátù wà lọ́dọ̀ mi.

Mo délé, mo pààrọ̀ aṣọ, mo jẹun. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun Mọ̀gárìbá ni ìyá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ní òun kò tíì rí ọmọ òun. Ìgbà yẹn gan-an ni mo rántí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi bẹ àwọn òbí kí wọ́n gbà kí n máa kó ọmọ wọn wọ igbó. Mo ti sọ fún wọn pé kò sí ewu. Mo rò ó pé ọmọ oko ni, òjò á ti lé e wá sílé, bóyá ó tilẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà. Mo kàn fẹ́ ra wákàtí kan péré.

Mo ní, "Ó ní òun fẹ́ yà sọ́dọ̀ ìyá àgbà lóko. Mo ní kó má lọ, kò gbọ́ sí mi lẹ́nu."

Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó ní ìwà àtijọ́ ti tún dé nìyẹn. Ó bọ́ sọ́nà oko ìyá àgbà, tó wà ní apá ibòmíràn pátápátá.

Nígbà tó lọ tán, mo mú tọ́ọ̀ṣì àti fèrè mi, mo dá nìkan gba ọ̀nà oko gẹdú. Nígbà tí mo dé odò, omi ti kún bo afárá igi tí a gbà kọjá lọ́sàn-án. Mo dúró létí omi. Mo wá gbọ́ fèrè lókè lọ́hùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún fọn ún lẹ́ẹ̀mẹta.

Inú mi dùn. Mo ní ọmọ náà wà láàyè, ó sì wà níbi tí mo fi í sí. Ó yẹ kí n sáré padà sí abúlé kí n ké sí àwọn ọkùnrin. Àwọn ọdẹ mọ ibi tí wọ́n á ti gba odò yẹn kọjá, kì bá tí gbà wọ́n ní àkókò púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè wọ́n, irọ́ mi á tú. Mo wá ní kí n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí omi fà, kí n lọ mú un fúnra mi, kí n sì bẹ̀ ẹ́ kó sọ pé òun ṣìnà ni.

Mo gbé fèrè mi sẹ́nu, mo fọn ún padà fún un.

Ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Kò fọn ún mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ti gbọ́ mi, ó ti mọ̀ pé mò ń bọ̀. Mo padà sílé. Mo sùn. Ẹ jọ̀ọ́, oorun alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n rí oorun gidi sùn láti ìgbà náà.

Nígbà tí mo fi débẹ̀ ní kùtùkùtù, ọdẹ kan tó ń bá ìyá rẹ̀ wá a ti ṣáájú mi. Ó kúnlẹ̀ ti òkú ọmọ náà. Ejò ló bù ú jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀. Ọmọ náà ti fi sìkáàfù ẹgbẹ́ so ẹsẹ̀ náà lókè ojú ibẹ̀, kókó tó ta sí i kò yàtọ̀ sí èyí tí mo kọ́ wọn. Fèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdẹ náà wo ilẹ̀, ó wò mí. Koríko ibẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ ní ojú kan ṣoṣo, kò sí ipa ẹsẹ̀ tó kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ tó sá lọ kì í dúró sójú kan báyìí. Ta ló ní kó dúró?"

Mo ní n kò mọ̀.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà. Mo tún irọ́ mi pa níwájú Baálẹ̀, mo ní láti oríta yẹn ló ti yà lọ sóko ìyá àgbà, tó sì ṣìnà padà síbẹ̀, gbogbo èèyàn sì gbà mí gbọ́. Mo tú ẹgbẹ́ náà ká, wọ́n ní ìbànújẹ́ ló mú mi, wọ́n tún ń ṣàánú mi. Ọdẹ yẹn kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn dẹ́kun láti máa kí mi, títí tó fi kú.

Ní báyìí, ọ̀gá tuntun dé ilé ìwé wa. Ó ní ẹgbẹ́ síkáòtù ló máa ń jẹ́ kí ọmọ oko lajú, òótọ́ ló sì sọ. Gbogbo abúlé ní kò sí ẹlòmíràn tó lè darí rẹ̀ àfi èmi. Mo kọ̀ títí, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àná ba tọ̀la àwọn ọmọ jẹ́.

Bí ìyá Rófíátù ṣe wá nìyẹn. Ó ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, èmi tí ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi kọ́ eléyìí ní ìgbọràn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àìgbọràn fojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí." Ó ní kò sí Àwẹ̀ kan tó máa ń kọjá kí òun má bẹ Ọlọ́run kó forí ji Rófíátù pé kò gbọ́ sí àgbà lẹ́nu.

Ọmọ tó kú nítorí pé ó gbọ́ràn. Ọdún kọkànlá rèé tí ìyá rẹ̀ ti ń bá a tọrọ àforíjìn àìgbọràn.

Tí mo bá sọ fún un, yóò mọ̀ pé ọmọ òun kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n yóò tún mọ̀ pé mo gbọ́ ohùn fèrè rẹ̀ tí mo sì padà lọ sùn. N kò mọ̀ bóyá ìyá lè gbọ́ irú rẹ̀ kó tún dìde. Tí n kò bá sọ fún un, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni ọmọ náà yóò máa rù nínú sàréè. N kò rí ọ̀nà kankan níbẹ̀. Bóyá ẹ̀yin rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.

Nígbà tí ìyá náà ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọmọbìnrin yẹn rìn jìnnà díẹ̀ sí wa nínú ọgbà ilé ìwé. Bóyá àwọn ọmọ tó ti dàgbà ni wọ́n sọ òfin náà fún un, n kò mọ̀. Ó gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá dúró sójú kan, ó ń wò mí, ó ń retí kí n dá òun lóhùn.

N kò tíì dá a lóhùn.