Àlìkámà Kúkúrú Tí Mo Fà Tu

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ìyá àgbà ni mí, ní Òkìtìpupa níbí. Ìwé mi kò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi. Ohun kan wà nínú mi tó ti ń rùn tipẹ́. Ìyá Délé ránṣẹ́ sí mi lánàá, láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ara mi ti ń rí mi lára.

Nígbà kan, èmi àti Ìyá Délé la jọ ń ṣiṣẹ́ nílé tísà kan tó wá láti ìhà Ọ̀yọ́. Tísà yìí ń gbin àlìkámà sínú yàrá, lórí pákó, pẹ̀lú iná àti ẹ̀rọ amúlétutù, torí oòrùn wa kò bá a lára mu. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé èyí tó kúrú ló ń wá, èyí tí yóò so láìkan iná lókè.

Nígbà tí epo bẹntiróòlù tó fi ń tan iná náà wọ́n, tísà ń lọ wá a ní Ìrẹ̀lẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi tọ́jú àwọn kúkúrú yẹn o."

Lóko tiwa, tí wọ́n bá ní kí o tọ́jú àgbàdo, èyí tí kò dàgbà lo máa fà tu, kí èyí tó ga lè rí àyè. Mo fà wọ́n tu tán, mo dà wọ́n sí ààtàn.

Tísà dé, ó ní iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ti bàjẹ́. Ìyá Délé ló kọjú sí, torí wọ́n ti jà lórí ilé gbígbá.

"Ẹ̀yin lẹ fi èyí gbẹ̀san lára mi."

Ìyá Délé rẹ́rìn-ín. "Tísà, kí ni mo fẹ́ fi koríko yín ṣe? Ṣé ewúrẹ́ ni mí?"

Tísà yíjú sí mi. "Màmá, ṣé ẹ rí Ìyá Délé nínú yàrá náà?"

Mo ní, "Mo rí i tó wọlé."

Irọ́ kọ́. Ó wọlé lóòótọ́, ó lọ gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí tísà máa gbọ́. Mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Wọ́n lé e. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń pè é ní Ìyá Fà-á-tu. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó kó lọ sí Iyansan. Mo sìn ín dé gáréèjì, mo ń sunkún, òun ló ń fi ìró rẹ̀ nu ojú mi. Ẹ wo irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lóyún báyìí. Iṣẹ́ tí Ìyá Délé rán sí mi ni pé tí ọmọ òun bá bí obìnrin, orúkọ mi ni wọn yóò sọ ọ́, torí èmi nìkan ni mo dúró tì í.

Láti àná, ọkùnrin ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún, kí n má baà ní láti jẹ́wọ́. Ìyẹn ló rí mi lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ sí Iyansan báyìí, àbí kí n dúró wo ohun tó máa bí?