Bíréékà Ìyá Aránṣọ

Mo ń ra gílóòbù ní ìsọ̀ kan ní Dùgbẹ̀ nígbà tí ìyá aránṣọ kan gbé bíréékà kalẹ̀ níwájú Alájì tó ni ìsọ̀.

"Alájì, èyí kéré. Ẹ̀rọ tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, tíránsífọ́mà ló ń bá a dín iná kù. Bí mo bá ti tan tíránsífọ́mà yẹn báyìí, bíréékà á já. Ẹ fún mi ní ńlá."

"Lọ́jọ́ tí kò bá wá já ńkọ́?"

"A jọ máa ṣiṣẹ́ dalẹ́ ni."

"Kò kéré nìyẹn. Màmá, tíránsífọ́mà dà bí ẹni tó fẹ́ ṣínu ààwẹ̀. Ife omi àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa dà á sọ́fun, kó tó wá máa rọra mu ún. Tẹ́ ẹ bá gbé ńlá sí i, lọ́jọ́ tí wáyà bá ń jó, bíréékà ò ní já. Ilé ló máa jó."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ìwọ̀n kan náà, àmọ́ ẹ mú èyí tó ní sùúrù, tí wọ́n dìídì ṣe fún tíránsífọ́mà. Ó mọ òùngbẹ yàtọ̀ sí wọ̀bìà."

Ìyá náà gba èyí tí Alájì nà sí i, ó yí i wò lọ́wọ́.

"Ẹ fún mi ní méjì. Bàbá àwọn ọmọ mi kì í gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ wá wo bó ṣe máa ń ṣínu."