Omi Tí Mo Fi Ààwẹ̀ Kọ̀

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Pápá ní Ifọ̀, ohùn tí ẹ ń gbọ́ nínú fóònù yìí, ohùn Mùsáfírù ni, Alfa tó máa ń wá bu omi kànga yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló dá mi dùbúlẹ̀ ní Mowé níbí, dókítà kò sì fi bò fún mi. Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ mi bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, èmi àti fáànù tó ń dún lókè orí mi ni. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti pẹ́, n kò sì fẹ́ bá a wọ sàréè. Ẹ kọ́kọ́ yọ Alfa kúrò lára orúkọ mi, torí ibẹ̀ gan-an ni irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìkirè ni mí. Ìyàwó mi ti kú kí n tó kó wá sí Mowé, àwọn ọmọ mi sì ti fọ́n ká, ẹni tó bá rántí nínú wọn a pè mí lọ́jọ́ ọdún. Iṣẹ́ tí mo rí ṣe nígbà náà wà lábẹ́ ètò kan tí ìjọba wa àti àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan láti òkè òkun jọ gbé kalẹ̀. Wọ́n ní a kò mọ iye ẹ̀gbin tó wà nínú omi àti afẹ́fẹ́ wa. Wọ́n ní kí gbogbo wa máa wọ̀n ọ́n lọ́nà kan náà, kí wọ́n lè gbé ìṣirò tiwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn ẹlòmíì, kí wọ́n sì mọ ibi tó yẹ kí ìrànlọ́wọ́ kọ́kọ́ dé. Àwọn òyìnbó kó ẹ̀rọ wá, ìjọba fi ènìyàn sílẹ̀, èmi sì wà lára àwọn ènìyàn náà. Tèmi kò ju kí n máa fa omi kànga yín lóṣooṣù, kí n rọ ọ́ sínú ìgò, kí n tò ó sínú kúlà yìnyín, kí n sì gbé e dé Mowé níbi tí mọ́tò ọ́fíìsì ti ń gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Èkó. Iṣẹ́ tí kò le rárá, òun náà ni mo bà jẹ́.

Ẹ mọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù lókè kànga yín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo rí omi dúdú tó ń ṣàn láti ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ yín, ẹ̀rù sì bà mí. Ẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò lára mi tí Mùnírátù, ìyá Hikmah, fi gbé omi wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, sà. Ẹ fi omi yìí tutù ọ̀fun." N kò lè gbà á. Irọ́ ló wá sí mi lẹ́nu, mo ní, "Mo ń gba ààwẹ̀ ni." Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ tí àwọn olùfọkànsìn máa ń gba ààwẹ̀, ó sì gbà mí gbọ́. Ó ní, "Alfa, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín." Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Ajé tàbí Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo ń wá, kí irọ́ mi lè dúró.

Kò parí síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ máa lọ ló ń di ìṣínu fún mi, mọ́ínmọ́ín gbígbóná nínú ewé. Tí mo bá ní kó má ṣe ìyọnu, a ní, "Ẹ má du mí ní láádá mi." Omi kànga yẹn ló fi lọ ẹ̀wà, mo mọ̀. Tí mo bá dé Papalántò, màá sọ ọ́ sínú gọ́tà. Bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò sí ẹlòmíì tó ń dáná dè mí. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, tírélà ṣubú ní ìkòríta Ṣàgámù, ọ̀nà dí pátápátá. Kí n tó dé Mowé, yìnyín ti yọ́. Ọ̀gá wa, Ògúnbọ̀dé, sì ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé, "Bàbá Mùsáfírù, tí ẹ bá tún gbé omi gbígbóná wá, ẹ má wá síbi iṣẹ́ mọ́." Mo da omi yín nù, mo ṣan ìgò, mo sì lọ pọn omi bóòhóòlù onílé mi sí i. Mo ní òní nìkan ni. Àyẹ̀wò jáde, omi mọ́ gaara, inú gbogbo wọn dùn. Nígbà tí oṣù kejì pé, mo rò ó pé tí mo bá gbé omi òótọ́ wá, méjèèjì kò ní bára mu, àṣírí á tú. Ni mo bá tún pọn ti onílé mi. Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Mo ṣì ń wá sọ́dọ̀ yín, mo ṣì ń ju okùn sínú kànga lójú yín. Kí ni mo ń wá ṣe? Mo ń wá kí ẹnì kan lè bi mí bóyá mo sùn dáadáa ni. Hikmah kékeré a sì ka Fátíhà fún mi láìkọsẹ̀ níbì kan.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Obìnrin òyìnbó kan tó ń yẹ ìṣirò wa wò rí i pé èsì omi kànga yín jọ ara wọn jù lóṣooṣù. Ó ní òun fẹ́ rí kànga náà, òun sì fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó ń mu ún. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ògbufọ̀. Mùnírátù di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Alfa, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọmọ mi kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀. Inú ń run ún, orí ń fọ́ ọ, ohun tó ti há sórí ń bọ́ lọ. Ẹ ní kí wọ́n yẹ omi wa wò." Mo yíjú sí obìnrin náà, mo sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì pé Mùnírátù ní omi àwọn dára, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé ètò náà wá. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mùnírátù rò pé ọ̀rọ̀ òun ti wọlé, ó ṣàdúrà fún mi pé ojú kò ní tì mí láé. Ìgò tí òyìnbó ní kí n bu fún òun níbẹ̀, mo fi ti Mowé pààrọ̀ rẹ̀ nínú báàgì mi.

Nínú mọ́tò, bí a ti ń kọjá Mowé lọ sí Ìbafò, obìnrin náà ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún mi. Ó ní torí kòkòrò àìsàn ni yìnyín ṣe wà, pé òjé, májèlé inú bátìrì, tó bá ti wọ omi kò mọ ooru, kò mọ òtútù. Ìyẹn ni pé omi tí mo dà nù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi tí ì bá ti gbà yín là, kò tíì bàjẹ́. Mo yíjú sójú fèrèsé. Nígbà tí ìṣirò gbogbo orílẹ̀-èdè jáde, wọ́n ka àdúgbò yín mọ́ ibi tí kò séwu. Omi ẹ̀rọ àti àwọn dókítà tí ètò náà kó wá gba ibòmíì lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fa ara mi dé ọ̀dọ̀ Mùnírátù. Hikmah ti dàgbà. Mo ní kó ka Fátíhà fún mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró láàárín, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀. Ni mo bá jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Mùnírátù kò pariwo. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ kì í gba ààwẹ̀ nígbà yẹn ni?" Mo ní rárá. "Ìṣínu mi ńkọ́?" Mo ní mo ń dà á nù ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omijé wá ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bẹ̀rù omi yẹn fún ara yín. Ẹ ò bẹ̀rù ẹ̀ fún ọmọ mi." Ó fa Hikmah wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Èmi nìkan ni mo rìn padà dé ojú títì.

Mùnírátù ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń mu kànga yẹn. Ẹ má mu ún mọ́, ẹ má fi dáná. Ẹ gbé àwọn ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ ní òjé ni kí wọ́n wá. Mo ti fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àti sí obìnrin òyìnbó náà, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ bí èyí, tí yìnyín bá yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sọ pé ó yọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, bí ẹ kò tilẹ̀ lè forí jì mí. Ọjọ́bọ̀ ni òní, mo sì gba ààwẹ̀, òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, bí dókítà ò tilẹ̀ fẹ́. Wọ́n ti pe ìrun Màgíríbì báyìí. Omi Mowé ló wà níwájú mi, kò sì sí ẹni tó máa fún mi ní ìṣínu.