Irin Tí N Kò Lè Búra Lé

Ikú ni adájọ́ dá fún mi, wọn yóò sì mú un ṣẹ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n Àjàṣẹ́ ni mo wà. Bí mo bá ti dijú báyìí, mo ti dé Àjà-Wẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ìkùukùu ọyẹ́ bo oko ẹ̀gẹ́, alùpùpù kan ń kùn lọ́nà jíjìn, n kò sì mọ ẹni tó ń gùn ún. Ẹ̀yin tó ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí mo ṣe débí.

Iṣẹ́ títún alùpùpù ṣe ni mo kọ́. Oyìnbó oníṣòwò kan wà ní Àjàṣẹ́ tó fẹ́ràn alùpùpù àtijọ́, àwọn tí wọ́n ti rọ kí ogun Jámánì tó bẹ́. Èmi ni mo ń bá a wá wọn kiri abúlé. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń mọ ojúlówó: nọ́ńbà tí wọ́n lù sára ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bá ti ara egungun alùpùpù mu, ọ̀dà àtijọ́ tó ti ń ṣí níyì ju ọ̀dà tuntun tó ń dán lọ, nọ́ọ̀tì tí sípánà kò tíì jẹ létí ni ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni kò tú u rí. Mo gbádùn iṣẹ́ yẹn. Bí mo bá ń fi ìka wá nọ́ńbà lábẹ́ ìdọ̀tí, ara mi á fúyẹ́ bí ẹni tó ń lálàá.

Lọ́jọ́ kan, mo rí alùpùpù dáadáa kan tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bára mu. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo fi fáìlì tí a fi ń ha irin pa nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ́, mo lu òmíràn sí i, mo fi èéfín àti epo pupa kùn ún títí ó fi gbó lójú. Oyìnbó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó rà á. Mo ní n kò ní ṣe é mọ́. Mo tún ṣe é, mo tún tún un ṣe. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàṣọ àrán bora, aṣọ olè ló dà bora.

Nígbà tó yá, oyìnbó fi awò wo ọ̀kan dáadáa, ó rí ojú fáìlì. Kò pariwo.

"Mú ojúlówó kan wá fún mi," ló wí. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọlọ́pàá jandáàmù ló máa wá mú ọ."

Mo mọ ibi tí ojúlówó wà. Baba Ògúndélé, ẹlẹ́mu ní Masẹ̀ nílẹ̀ Àjà-Wẹ̀rẹ̀, ní ọ̀kan tí oyìnbó tó la ojú irin fi ta á lọ́rẹ. Ojúbọ Ògún ló gbé e sí. Ọdọọdún ló ń da epo pupa lé e lórí, epo náà sì ti dì bò ó, ó pa ọ̀dà àti nọ́ńbà rẹ̀ mọ́.

Àárọ̀ ni mo débẹ̀. Ìkùukùu nípọn débi pé ohùn Baba ni mo kọ́kọ́ bá pàdé.

"O káàárọ̀, ọmọ mi. Alùpùpù yìí lo torí rẹ̀ wá."

"Ẹ kú àárọ̀, Baba. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣàánú mi, ẹ tà á fún mi."

Ó fọwọ́ pa irin náà. "Ti Ògún ni. Ṣùgbọ́n Ògún kì í fi nǹkan du olóòótọ́. Fi ètè kan irin yìí, kí o ní o kò fi irin purọ́ rí. Kí o máa wọ́ ọ lọ."

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fi irin búra èké, irin ni yóò pa á. Ohun tí wọ́n fi tọ́ mi nìyẹn. Bí mo bá búra, Ògún á pa mí. Bí mo bá kọ̀, jandáàmù á mú mi. Kí n jẹ́wọ́ kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Òòlù kan wà nílẹ̀. Mo gbé e. Baba ṣubú láì kígbe. Ìbúra èké bà mí lẹ́rù, ẹ̀jẹ̀ arúgbó kò bà mí lẹ́rù. Ẹ wo irú òmùgọ̀ tí mo jẹ́!

Wọ́n mú èmi àti alùpùpù náà lójú ọ̀nà kí ìkùukùu tó ká. Nílé ẹjọ́, ìyàwó Baba dìde. Kò bú mi.

"Ọkọ mi ti gbọ́ kiri abúlé pé o ń lu nọ́ńbà èké," ló wí. "Ìbúra yẹn, ó fẹ́ kí o kọ̀ ọ́ ni. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé o máa wá lọ́jọ́ kan, pé bí o bá lè lanu pé, 'Baba, mo purọ́,' òun á fún ọ ní alùpùpù náà lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọdé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tọ ọ̀nà mi. Nígbà tí irọ́ yín bá ṣì kéré, ẹ gbé e tọ àgbà lọ, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ọ́. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi tí ikú ń bọ̀ wá mú ni mo ń sọ fún yín pé kò yá. Mo ti jẹ́wọ́ fún adájọ́, mo ti jẹ́wọ́ fún fadá, mo ti jẹ́wọ́ fún ẹ̀yin náà. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni mo pa.