Ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín Nínú Ẹrẹ̀

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ sì jókòó. Alága, ẹ fà súnmọ́ mi, ohùn mi ò dé ọ̀nà jíjìn mọ́. Ìyá Olùkọ́, ẹ gbé omi yẹn kúrò, òùngbẹ kọ́ ló ń ṣe mí. Ọ̀rọ̀ ló há mi lọ́fun, ó sì ti pẹ́ tó ti há síbẹ̀. Àbúrò mi, ìwọ jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Dókítà ti sọ ohun tó sọ, gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ, bí ẹ tilẹ̀ ń díbọ́n pé ẹ ò gbọ́. Ikú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ fẹ́ dìbò lórí ọ̀nà àbàtà, mi ò sì lè jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá irọ́ yìí nínú mi. Ẹ má dá mi dúró. Tí mo bá dúró, ẹ̀rù á bà mí, màá tún gbé e mì.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún àlejò. Àbàtà ló wà láàárín abúlé wa àti ìlú tí ilé ìwòsàn wà. Ẹni tó bá fẹ́ dé ìlú, ẹ̀yìn òkè ló ń gbà yípo, ọ̀nà tó jìn, tó kún fún òkúta. Ìjọba ti fi òfin dáàbò bo àbàtà náà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ọ́: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáko níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dẹ̀gbẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ la ọ̀nà gba inú rẹ̀ kọjá, níwọ̀n ìgbà tí àgbọ̀nrín ọlọ́rùn-funfun bá ṣì ń gbé ibẹ̀. Ẹranko yẹn ò sí níbòmíràn. Lọ́dọọdún ni àwọn aláyẹ̀wò máa ń wá. Tí wọ́n bá rí i, tàbí tí wọ́n rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, òfin á tún dúró fún ọdún kan sí i. Tí wọn ò bá rí i, ilẹ̀ ti di ti ẹni tó bá lówó lọ́wọ́, àwọn olókùúta tó ń fọ́ òkè sì ti la ẹnu sílẹ̀ dè é. Èmi ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ àbàtà. Èmi náà ni mo ń jókòó nínú ìgbìmọ̀, tí mo ń gbẹnu sọ fún ẹranko náà. Bàbá Àgbọ̀nrín lẹ ń pè mí, àwọn ọmọdé á sì máa fò bí ẹran tẹ̀lé mi lójú ọ̀nà. Inú mi máa ń dùn sí i. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn.

Àwọn ẹran náà ń dín kù lójú wa. Àìsàn mú díẹ̀, ajá tó ya wèrè mú díẹ̀, ó wá ku abo kan ṣoṣo tó ti darúgbó, tó máa ń jáde wá mu omi láàárọ̀, tá a jọ máa ń wo ara wa. Lẹ́bàá àbàtà níbẹ̀ ni mo dá oko àgbàdo kékeré kan sí. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mo ń fa àgbàdo ẹlòmíràn tu. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó wá ń bà á jẹ́. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn wáyà tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ, mo fi dẹ pàkúté sí ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ ń gbà wọlé. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ló mú. Ẹran náà ti jà títí ó fi kú, ọrùn funfun yẹn ti kún fún ẹ̀jẹ̀. Mo jókòó tì í, mo sunkún bí ọmọdé. Tó bá ṣe pé mo dìde níbẹ̀ ni, tí mo wá bá yín, tí mo ní ẹ wo ohun tí ọwọ́ mi ṣe, ẹ̀ bá bú mi, ẹ̀ bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Ṣùgbọ́n àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo sin ín. Kí n tó sin ín, mo gé ẹsẹ̀ iwájú kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan. Mi ò mọ ohun tó sún mi ṣe é. Rárá, irọ́ tún nìyẹn. Mo mọ̀ dáadáa. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe kí n tó fa ọ̀bẹ yọ.

Mo fi iyọ̀ pa wọ́n, mo yan wọ́n gbẹ lókè iná, mo so wọ́n mọ́ igi, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí. Láàárọ̀ kùtù màá tẹ́ pákó sórí ẹrẹ̀ kí ipa bàtà mi má baà hàn, màá dọ̀bálẹ̀ sórí rẹ̀, màá máa fi igi tẹ ilẹ̀: iwájú, ẹ̀yìn, iwájú, ẹ̀yìn. Àgbàlagbà bíi tèmi, tó ń dọ̀bálẹ̀ kí ẹrẹ̀. Mo tún ń fọ́n ìgbẹ́ ewúrẹ́ ilé ká. Ọ̀kan nínú àwọn aláyẹ̀wò, ẹni tó kàwé jù nínú wọn, gbé e sí imú, ó sì mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n láti ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n lọ. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni, kí àwọn olókùúta lè wá ibòmíràn lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọdún tó tẹ̀lé e mo tún ṣe é, mo sì ṣe é dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ṣọ́ gíga tá à ń pè ní Òpó ló ká mi mọ́ orí pákó. Ó dúró títí mo fi dìde. Ó ní, “Ọ̀gá, èmi ò rí nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ṣì ń wá iṣẹ́.” Mo gba ọmọ náà síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ọmọ tí kò lè dá ewúrẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí àgùntàn, òun la ní kó máa ṣọ́ àgbọ̀nrín. Òpó ti kú báyìí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ní kó ẹrù tèmi lé òkú lórí.

Alága, ẹ má mi orí. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń rò, pé àìsàn ló ń gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Ẹ rán ènìyàn gun àjà ilé yìí, nínú àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù, ẹ ó bá igi náà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa bọ́rọ̀ lọ.

Ẹ rántí ìpàdé tí àwọn obìnrin kó ara wọn wá, tí wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ la ọ̀nà, kí wọ́n sì ṣe afárá gba àbàtà kọjá. Inú gbọ̀ngàn kún. Alágbẹ̀dẹ ló dìde tó béèrè pé, “Ta ló fi ojú ara rẹ̀ rí àgbọ̀nrín yìí láìpẹ́? Kó na ọwọ́ sókè.” Ọwọ́ kan ò gòkè. Mo ti fẹ́ sọ ọ́, mo fi gbogbo ohun tí mo ní búra, ó ti dé ètè mi. Ìgbà yẹn ni àbúrò mi dìde. Ó ní, “Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi. Kò parọ́ fún mi rí. Tó bá ní ẹran wà níbẹ̀, ẹran wà níbẹ̀. Ta ló fẹ́ pè é lónírọ́ lójú mi?” Alágbẹ̀dẹ padà jókòó. Ẹ dìbò, ẹ sì ní kí wọ́n má la ọ̀nà náà. Bá a ṣe ń jáde, ìyàwó rẹ̀ tó ti lóyún nígbà náà fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa kí àgbọ̀nrín yín o. Ẹ ní ẹsẹ̀ ń ro wá nítorí tiẹ̀.” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Eyín mi ló ń rẹ́rìn-ín.

Ibi tó burú jù ni mo dé yìí. Àbúrò mi, má wo ilẹ̀. Ọ̀nà àwọn ẹ̀ṣọ́ wà nínú àbàtà, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ọ̀nà pákó tí alùpùpù lè gbà, tó já sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn gan-an. Ilẹ̀kùn irin la fi dí ẹnu rẹ̀, a sì fi àgádágodo tì í. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àwọn aláyẹ̀wò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ipa ẹsẹ̀ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó yẹn, mo ti mú un gba orí ọ̀nà kọjá síhà kejì, ó dára débi pé èmi fúnra mi dúró wò ó. Mo ti ilẹ̀kùn. Mi ò tíì nu ẹrẹ̀ orúnkún mi tán tí àbúrò mi fi gun alùpùpù dé, ìyàwó rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá agbẹ̀bí sì dì í mú láti ẹ̀yìn. Ó ti ń rọbí láti àárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì dúró. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí ọ̀nà ẹ̀ṣọ́ fún wa. Tá a bá gba ẹ̀yìn òkè, kò ní dé ibẹ̀.” Mo wo ilẹ̀kùn, mo wo iṣẹ́ ọwọ́ mi nínú ẹrẹ̀, tí táyà alùpùpù máa pa rẹ́. Mo ní, “Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti gbà á sí ọ́fíìsì nítorí àwọn aláyẹ̀wò.” Inú àpò ṣòkòtò mi ló wà. Ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé ojú sókè wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́.” Àbúrò mi ò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ká ní ó bú mi ni, ká ní ó fa irin yẹn tàbí ó sọ òkúta lu àgádágodo, mo rò pé màá ti ṣí i. Ṣùgbọ́n ó gbà mí gbọ́. Ó yí alùpùpù padà lójú ẹsẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn òkè lọ. Ibẹ̀ ni obìnrin náà kú sí, lórí òkúta, lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyá agbẹ̀bí gbẹ̀bí ọmọ náà níbẹ̀, ọmọ yè é.

Lọ́jọ́ kejì mo mú àwọn aláyẹ̀wò lọ wo ipa ẹsẹ̀. Ojú mi pọ́n, wọ́n rò pé ọ̀fìnkìn ló ń ṣe mí. Wọ́n ní ó hàn pé ara ẹran náà le. Nígbà tá a sin òkú tán, tí mi ò lè dìde nílẹ̀, ta ló wá fà mí sókè? Òun náà ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa ara yín. Ẹ̀bi yín kọ́. Òfin ni òfin.” Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ọmọbìnrin náà ti dàgbà tó ẹni tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ báyìí. Lọ́dún tó kọjá ó ní kí n mú òun lọ wo ibi tí àgbọ̀nrín ń rìn. Mo mú un lọ. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ sínú ihò ẹsẹ̀ tí mo ti tẹ̀ síbẹ̀ kí ó tó jí, inú rẹ̀ sì dùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ ò ti wọlé fún mi mọ́. Ẹ ní ẹ̀dọ̀ ni. Ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀.

Láàárọ̀ yìí, àbúrò mi fá irùngbọ̀n mi. Bó ṣe ń fá a ló ní, “Ọ̀la, màá dìde bí mo ṣe dìde lọ́jọ́sí. Wọn ò ní rí i sọ pé torí ẹ ò lè wá ni ọ̀rọ̀ yín fi ṣubú.” Abẹ wà lọ́rùn mi, mi ò lè mi orí. Ìdí tí mo fi ránṣẹ́ pè yín nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹnu mímọ́ rẹ̀ gbé irọ́ mi dúró lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ la ọ̀nà náà. Ẹ gbé e sórí òpó kí omi lè máa gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má fi àbàtà fún àwọn olókùúta. Ẹran ti lọ, omi ò tíì lọ. Kò sí kànga kan ní abúlé yìí tí kì í ṣe inú àbàtà ló ti ń rí omi. Mo rò pé ẹ ò ní ka omi sí àfi tí ẹran arẹwà bá dúró nínú rẹ̀, mo fojú kéré yín, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn mi, ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Tí ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ bá kú sí yín lọ́wọ́, ẹ pariwo ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ kejì ti pẹ́ jù.

Àbúrò mi ti dìde. Ẹ yàgò, ẹ jẹ́ kó kọjá. Ìyá Olùkọ́, ẹ má dì í lápá mú. Ẹ má pè é padà, ẹ má sì tẹ̀lé e lọ bẹ̀ ẹ́ nítorí mi. Láti kékeré, ẹnikẹ́ni tí mo bá ṣẹ̀, àbúrò mi yìí ló máa ń lọ bá mi bẹ̀ ẹ́.