Orúkọ Tí Mo Gbàgbé ní Ilẹ̀ Ogun

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n n kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí sùn. Ẹ mọ̀ mí. Ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, síbẹ̀ kò sí ẹni tó kàwé jù mí lọ nínú ìjọ yìí tó lè gbàdúrà lórí ìdúró láti àárọ̀ di ọ̀sán bíi tèmi. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní kí n ṣáájú àwa méje tó lọ gbàdúrà káàkiri ilẹ̀ ogun, láti abúlé dé abúlé, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Mo ṣáájú wọn dáadáa. Ohun tí a fi hàn mí níbẹ̀ ni mo wá sọ, n kò sì ní fi ìkankan pamọ́, kódà èyí tó ń tì mí lójú.

Ọ̀nà ibẹ̀ ń mú ọkàn wúwo. Ilé tí iná ti jó, oko àgbàdo tí kò sẹ́ni tó kórè rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé sójà ló ń sùn níbẹ̀. Ibi tí a bá dé, a ó kọrin, a ó gbàdúrà, a ó wọ́n omi sílẹ̀, a ó tún máa rìn lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá kan fún wa lómi mu. Màmá Dèbórà, tó ti ta àlùbọ́sà rí lókè Ọya, tó sì gbọ́ èdè wọn, ló ń túmọ̀ fún wa. Ìyá náà ní àwọn agbébọn ti gbé ọmọbìnrin òun lọ lójú ọ̀nà odò. Ó bẹ̀ mí pé kí n máa gbàdúrà fún un.

Mo ní, "Màmá, ẹ bi í ní orúkọ ọmọ àti orúkọ ìyá." Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láàárín wa, lágbájá ọmọ lágbájá, kí àdúrà má baà ya ilé onílé.

Ìyá náà dá orúkọ méjèèjì. Màmá Dèbórà rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ ọjọ́ ni, pé ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀.

"Bàbá Àdúrà, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kọ kí ni? Orí mi yìí ni ìwé mi."

"Orí tó gbàgbé Bíbélì sínú mọ́tò tó gbé wa wá?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Màmá. Ṣé ẹ ti gbàgbé bí mo ṣe pe orúkọ gbogbo àwọn tó ń wá ọmọ lórí òkè lọ́dún tó kọjá, láìwo bébà kankan?"

Mo di ọwọ́ ìyá náà mú, mo ní, "Lójoojúmọ́ ni n ó máa pè é." Ó kúnlẹ̀ fún mi nínú eruku, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Kí a tó dé abúlé tó tẹ̀ lé e, orúkọ náà ti lọ. Ohun tí mo rántí kò ju pé orúkọ ọjọ́ ni. Ojú tì mí láti béèrè. Kí ni mo wá ṣe? Mo ń pe Sọ́ńdè. Ṣé orúkọ ọjọ́ kọ́ ni Sọ́ńdè ni? Mo ń pè é jẹ́jẹ́, kí Màmá Dèbórà má baà gbọ́. Nígbà tó yá, àárẹ̀ mú mi, n kò pe Sọ́ńdè pàápàá mọ́. Tí Màmá Dèbórà bá sì bi mí pé, "Ṣé ẹ ń rántí ọmọ yẹn?" mo máa ń dáhùn pé, "Lójoojúmọ́."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a gbàdúrà ọ̀sán nínú ilé ìjọsìn kan tí kò ní òrùlé mọ́. Nígbà tí a ṣe tán, mo fara ti ògiri. N kò rántí pé mo di ojú. Ọkùnrin kan dúró tì mí, eruku bò ó dé orúnkún, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti sán.

"Dìde, ká lọ."

"Sà, ó rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀. Dìde."

A sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí ooru ti ń fẹ́ wá bí ẹnu ààrò. Mo rí àwọn ọ̀gá ogun, ti ìhín àti ti ọ̀hún, wọ́n ru páànù òrùlé tó pọ́n fòò, kò sì síbi tí wọ́n lè sọ̀ ọ́ sí. "Ilé tí wọ́n jó ni wọ́n ń rù," ni amọ̀nà mi wí. Mo rí ọkùnrin kan tó ń sáré láàárín ilẹ̀kùn méjì. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é nínú ọ̀kan, ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni ń pè é nínú èkejì, tó bá sì dé ìkankan, ilẹ̀kùn á tì pa. Mo mi orí. Mo ń dúpẹ́ nínú mi pé èmi kì í ṣe irú wọn.

Ẹ gbọ́ o. A wá dé ibì kan tí kò sí iná rárá. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn èèyàn tò síwájú ẹnu ọ̀nà tóóró, ọ̀pọ̀ nínú aṣọ funfun bíi tiwa, àwọn mìíràn nínú kóòtù. Ẹnìkọ̀ọ̀kan á la ẹnu láti pe orúkọ, eérú á dà jáde.

"Ta nìwọ̀nyí, sà?"

"Òpùrọ́ ni wọ́n. Àwọn tó ń sọ fún ọmọnìkejì pé, 'À ń gbàdúrà fún yín.'"

Kí n tó lè yí padà, ọwọ́ kan ti tì mí sínú ìlà, ìlà náà ń sún, ó ń gbé mi lọ, mo ní ẹ dúró, mo ní Bàbá Àdúrà ni mí, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn, mo dé ẹnu ọ̀nà náà, mo rí ọmọbìnrin kan lábẹ́ igi, okùn lọ́wọ́, okùn lẹ́sẹ̀, ó dẹ etí sílẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti ṣèlérí pé wọ́n máa pè, mo sì kígbe pé Sọ́ńdè! Ọkùnrin kan lọ́nà jíjìn, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, gbé orí sókè, ó wò yíká, ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo kígbe Mọ́ńdè, mo kígbe Fúráìdè, eérú kún ẹnu mi, ọmọ náà kò yíjú.

"Ṣé Ọlọ́run kò mọ orúkọ ọmọ yìí ni?" ni mo fi ẹkún béèrè.

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ta ló ní òun á máa pè é?"



Ó fà mí jáde, ó mú mi gba ibi tútù kan kọjá. Ẹ̀yin ará, ẹ ti ń retí kí n sọ̀rọ̀ adé àti wúrà. N kò rí wúrà. Ẹní ni mo rí, ó lọ títí, àwọn èèyàn sì ń sùn lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ti di fífọ̀, ìbẹ̀rù ti kúrò lójú wọn. Ẹní kan ṣófo. Mo bẹ̀rẹ̀ láti dùbúlẹ̀.

Ó di èjìká mi mú. "Kò tíì yá."

"Sà, ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

"Ìyá ọmọ náà kò tíì sùn láti ọjọ́ tí ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀."

Ó tì mí, mo sì ta jí. Màmá Dèbórà ń mì mí jìgìjìgì.

"Bàbá, kí ló dé? Ẹ ń ké bí ewúrẹ́!"

"Màmá, kí lorúkọ ọmọ yẹn?"

"Ṣebí ẹ ní ẹ ń pè é lójoojúmọ́?"

"Mo purọ́."

Ó jókòó sílẹ̀. "Yéè! Bàbá, èmi náà ti gbàgbé o. Ẹ̀yin ni mo gbójú lé."

A bi àwọn márùn-ún tó kù. Èmi ni gbogbo wọn gbójú lé.

A padà sẹ́yìn. Ọ̀nà tí a ti rìn la tún rìn. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, èmi ni mo kúnlẹ̀. Kò bú mi. Ó béèrè ohun kan, Màmá Dèbórà sì ń sunkún, kò lè túmọ̀ rẹ̀ kíá.

"Ó ní, ṣé láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó pe ọmọ òun?"

Mo ní, "Kò sí."

Ó wá dá orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọdé lóúnjẹ. Tàlátù ni. Bí àwọn Mùsùlùmí ilé wa ṣe ń pe Ìṣẹ́gun ní Àtàláátà náà nìyẹn. Orúkọ tó ti wà ní etí mi láti kékeré ni mo sọ nù.

Ọmọ náà kò tíì dé títí di òní. Nítorí náà mo kìlọ̀ fún yín: ẹni tí ẹ kò bá ní pè, ẹ má sọ fún un pé ẹ ń pè é. Ó sàn kí ẹ ní, "Ó rẹ̀ mí, n kò lè ṣe é," ju kí ẹ dúró sínú ìlà yẹn lọ. Mo ti dé ibẹ̀. Mo tọ́ eérú rẹ̀ wò.

Tàlátù, ọmọ Àsábé.

Ẹ má ṣe àmín. Ẹ pè é.